Owó Ìtanràn Ni Kí Ẹ Gbà, Ẹ Má Ti Ilẹ̀kùn Pa

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Dassa wọ Savalou, tí ó sì ń bá a lọ sí Bantè títí dé Bassila, kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí tábìlì onígi kan lẹ́bàá títì tí wọ́n to ìgò sí lórí: ìgò ọtí, ìgò omi, ìgò ńlá oníkùn gbàǹgbà. Epo bẹntiróò ni ó wà nínú wọn, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí kpayo, orúkọ tí àwọn Gun fún un láti fi hàn pé kì í ṣe ojúlówó. Kì í sì í ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tí ó ń din àkàrà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí irú tábìlì bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹni tí ó wá ra epo fi sìgá há ètè bí ó ti ń dúró de ṣéńjì. Kò sí ìwé àṣẹ kankan nídìí tábìlì náà. Kò sí yanrìn, kò sí ẹ̀rọ apaná, kò sì sí aláṣẹ tí ó ń wá bẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ojú ọ̀nà kan náà, ilé epo kan lè wà tí ó ri táǹkì rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó gbé korobá yanrìn síwájú, tí ó sì fi ẹ̀rọ apaná kọ́ ara òpó. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé aláṣẹ dé ibẹ̀ lónìí, ó sì rí i pé ẹ̀rọ apaná náà ti kọjá ọdún tí a kọ sí i lára. Kí ni kí ó ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti fojú kan ìwé òfin, a máa dáhùn kíákíá pé kí ó gba ìwé àṣẹ ilé epo náà, kí ó ti ibẹ̀ pa fún oṣù kan tàbí méjì, kí àwọn yòókù fi kọ́gbọ́n. Àwa kò fara mọ́ èyí. Èrò wa ni pé owó ìtanràn ni kí ó kọ́kọ́ bù lé olówó ibẹ̀, owó tí yóò dùn ún dé egungun, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ ti tún nǹkan rẹ̀ ṣe. Kí a sì fi títì pa pamọ́ fún ewu tí kò lè dúró di ọ̀la.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò lè dùn létí ẹni tí iná ti ṣe lọ́ṣẹ́ rí. Ó jọ bí ẹni pé oníṣòwò ni a ń gbèjà. Àwọn tí ó ń ra epo, àwọn tí ó ń ta kajú, àwọn tí yàrá wọn kángun sí ibi ìkẹ́rùsí, àwọn wọ̀nyí ni a ń rò, nítorí pé àwọn ni ìtìpa máa ń bá wí jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ oníṣòwò ni wọ́n kọ sára ìwé.

Ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ kí ẹ bá wa yẹ̀ wò ni pé ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ nìkan ni a lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń gbójú fò ó. Olóko kpayo kò ní ìwé. Ìyà tí ó bá dá lórí ìwé kò lè kàn án. Nígbà tí a bá ti ilé epo tí ó ní ìwé pa ní Savalou, àwọn alùpùpù zémidjan kò ní jókòó sílé. Ẹni tí ó ń gbé aláìsàn bọ̀ láti Akpassi, ẹni tí ó ń lọ ta iṣu láti Gouka, ẹni tí ó fẹ́ fi ẹ̀rọ lọ àgbàdo ní Koko, gbogbo wọn ni yóò yà sí ìdí tábìlì. Epo tí à bá tú láti inú táǹkì tí a rì mọ́lẹ̀ yóò wá di epo tí a ń tú láti inú jẹ́ríkánì sínú ìgò, láti inú ìgò sínú àrọ, láti inú àrọ sínú ẹ̀rọ tí ó ṣì gbóná. Aláṣẹ yóò ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun ti dín ewu iná kù ní ìlú. Ewu náà kò dín. Ó kàn ṣí lọ sí ibi tí ojú aláṣẹ kò tó ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àbá lásán ni èyí, kí ó rántí ọdún 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà, Ààrẹ tuntun ti Nàìjíríà kéde pé owó ìrànwọ́ lórí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iye owó kpayo fò sókè ní gbogbo ilẹ̀ Benin, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí tò níwájú àwọn ilé epo tí ó ní ìwé. Kò sí ọlọ́pàá tí ó lé wọn débẹ̀, kò sí ìwàásù tí ó yí wọn lọ́kàn padà. Ibi tí epo wà, tí owó rẹ̀ kò ju agbára lọ, ni ẹsẹ̀ ń rìn sí. Ohun tí ìjọba Ààrẹ Boni Yayi kò rí ṣe pẹ̀lú ogun tí ó gbé ti kpayo ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú, iye owó ṣe é fún ìgbà díẹ̀. Àwa sì sọ pé bí ìlú bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò nídìí ìgò lọ sí ìdí ẹ̀rọ, ìwà òmùgọ̀ gbáà ni kí aláṣẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ìdí ẹ̀rọ pa.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 kan náà ni a rí ohun tí epo tí kò ní ilé lè ṣe. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, iná sọ ní ibi ìkó-epo fàyàwọ́ sí kan ní Sèmè-Kraké, ní ìjọba ìbílẹ̀ Sèmè-Podji, ní ẹnu ibodè Nàìjíríà. Ó kéré tán, ènìyàn 34 ni ó kú. Ọmọ ọwọ́ wà nínú wọn. Ohun tí olùpẹ̀jọ́ ìjọba sọ ni pé nígbà tí wọ́n ń já àpò epo sílẹ̀ ni iná náà bẹ̀rẹ̀. Àpò, ẹ̀yin ará wa. Kì í ṣe táǹkì, kì í ṣe àgbá pàápàá. Àwọn tí ó wá gbé ọjà, tàwọn ti alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn, ni iná náà ká mọ́ ibẹ̀.

Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ohùn kan ṣoṣo ni a ń gbọ́: kí wọ́n le òfin sí i, kí wọ́n máa ti ibi gbogbo pa. Ta ni wọn yóò wá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Sèmè-Kraké? Kò sí ìwé àṣẹ kankan níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo òfin líle tí a bá ṣe lórí ìdádúró ìwé àṣẹ kò lè gba ọ̀kan ṣoṣo là nínú àwọn 34 náà. Ohun tí ó lè gbà wọ́n là ni kí iṣẹ́ tí ó ní ìwé ṣeé ṣe, kí ó rọrùn láti wọ inú rẹ̀, kí ó sì má rọrùn láti lé ènìyàn jáde kúrò nínú rẹ̀ sínú òkùnkùn.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà kò pin sórí epo. Kajú ni owó ọdún ní Bantè, ó sì ń sún mọ́ bẹ́ẹ̀ ní apá púpọ̀ ní Savalou. Láti oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún ni a ń ṣà á, oṣù wọ̀nyí gan-an ni koríko gbẹ, tí ọyẹ́ ti fa omi inú gbogbo nǹkan tán. Àwọn tí ó ń rà á jọ a máa kó o sínú àpò ọ̀gbọ̀, wọn a sì tò ó títí dé abẹ́ páànù. Ẹni tí ó ti sun kajú rí mọ̀ pé èèpo rẹ̀ ní òróró kan tí ó ń gba iná kíákíá, tí èéfín rẹ̀ sì ń ta ojú. Bí iná bá mú àpò irú rẹ̀ nínú ilé tí ó ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, omi inú kànga kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Nítorí náà a kò lòdì sí kí a bẹ ibi ìkẹ́rùsí wò. Ó yẹ kí aláṣẹ wò bóyá àyè wà láàárín òkìtì kan sí èkejì tí ènìyàn lè gbà kọjá, bóyá wáyà iná wà níta gbangba, bóyá ọ̀dẹ̀ ń se oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn àpò. Kí ó wò ó dáadáa.

Ṣùgbọ́n kí ó rò ó pé oṣù kẹta ni a wà. Ó rí wáyà tí ó tú. Ó ti ibẹ̀ pa, ó dá ìwé àṣẹ dúró fún oṣù méjì. Oṣù méjì náà ni gbogbo ìgbà kajú! Olówó ibẹ̀ lè ní ibòmíràn ní Parakou tàbí ní Glazoué tí yóò ti máa rà. Àgbẹ̀ tí ó ti gbé àpò mẹ́rin dé láti Lougba kò ní ibòmíràn. Yóò gbé e padà sílé, yóò sì kó o sínú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí, níbi tí àtùpà wà, tí iná ìdáná wà lẹ́yìn ògiri. Tàbí kí ó fi alùpùpù gbé e gba ojú ọ̀nà Tchetti lọ sí Tógò ní òru, níwọ̀n bí Benin ti fòfin de títa kajú tútù sí òkè òkun láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024. Ìlà méjì tí aláṣẹ kọ nítorí wáyà kan ti sọ àgbẹ̀ di oní-fàyàwọ́, ó sì ti pín ìṣòro iná ilé kan sínú ogójì ilé. A bi àwọn tí ó fẹ́ràn ìtìpa léèrè: èwo ni ó sàn nínú méjèèjì?

Bí ó bá jẹ́ owó ìtanràn ni, ilé náà yóò ṣí lọ́la. Onímọ̀ iná mànàmáná yóò wá ní ọjọ́ kejì, nítorí pé olówó ibẹ̀ mọ̀ pé bí ọjọ́ keje bá pé tí wáyà náà ṣì tú, owó náà yóò di ìlọ́po méjì. Àgbẹ̀ yóò ta kajú rẹ̀. Wáyà yóò wà ní títúnṣe nígbà tí kajú kún inú ilé, èyí tí ó jẹ́ ìgbà tí a nílò rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ní oṣù kẹfà tí òjò ti ń rọ̀ tí ilé sì ṣófo.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó wà lábẹ́ ahọ́n gbogbo wa. Agbára láti ti ilẹ̀kùn pa jẹ́ agbára ńlá, bẹ́ẹ̀ ni agbára ńlá sì ní iye tí wọ́n ń tà á. Nígbà tí ẹni tí ó wá ṣe ìbẹ̀wò bá lè gba oúnjẹ oṣù méjì lẹ́nu ènìyàn, ẹni náà yóò fẹ́ mọ ohun tí yóò fi bẹ̀ ẹ́. Wọn yóò yà sí ẹ̀yìn ilé. Àpòòwé kan yóò kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ẹ̀rọ apaná tí ó ti gbó yóò sì wà níbi tí ó wà. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì pọn dandan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò lára yín mọ ohun tí a ń wí. Bí ìyà bá ti tóbi ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ kì í fẹ́ jẹ ẹ́, ẹni tí yóò fi jẹ ẹ́ náà kì í fẹ́ fi í jẹ ẹ́. Àárín àwọn méjèèjì ni rìbá ń dàgbà sí. Owó ìtanràn tí a ti kọ iye rẹ̀ sójú ògiri, tí a ń san sí ilé ìṣúra ìjọba, tí a sì ń gba ìwé ẹ̀rí lé lórí, kò fi bẹ́ẹ̀ ní àyè ìdúnàádúrà. A kò sọ pé kò ní rárá. A ti gbé ayé pẹ́ tó láti má sọ bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, àwọn tí ó ń tako wa ní ọ̀rọ̀ gidi méjì lẹ́nu, a kò sì ní ṣe bí ẹni pé a kò gbọ́.

Ọ̀kan ni pé owó ìtanràn a máa di owó ọjà. Olówó yóò ṣírò pé ẹ̀rọ apaná tuntun wọ́n ju ìtanràn lọ, yóò san ìtanràn, yóò sì máa bá ewu rẹ̀ lọ pẹ̀lú ọkàn balẹ̀, nítorí pé ó ti sanwó. Ẹ̀rí wà fún èyí. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Uri Gneezy àti Aldo Rustichini, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Haifa, ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ilé ìtọ́jú ọmọdé mẹ́wàá ni wọ́n lò. Àwọn òbí máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá mú ọmọ wọn. Ní mẹ́fà nínú àwọn ilé náà, wọ́n fi ìtanràn ṣékélì mẹ́wàá sí i fún ẹni tí ó bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Dípò kí àwọn tí ó ń pẹ́ dín kù, wọ́n pọ̀ sí i tó bí ìlọ́po méjì. Nígbà tí wọ́n sì mú ìtanràn náà kúrò, wọn kò padà sí bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Ìtìjú tí ó ń mú wọn sáré ti kúrò; owó ti rọ́pò rẹ̀.

A gba ìwádìí náà gbọ́, a sì rò pé ìhà tiwa ni ó wà bí a bá kà á dáadáa. Ìtanràn Haifa kéré. Kò ń pọ̀ sí i. Kò sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Òbí tí ó san án ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò bi í ní ohunkóhun mọ́. Ohun tí a ń béèrè fún kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó san ìtanràn ní ọ̀dọ̀ wa kò tíì ra ohunkóhun: gbèsè àtúnṣe ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ọjọ́ ń sún mọ́, iye ń gòkè. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta lórí àléébù kan náà, kí wọ́n gba ìwé náà, a ó sì bá wọn pàtẹ́wọ́. Kí iye náà sì máa tẹ̀lé ìwọ̀n ohun tí ẹni náà kó pamọ́: lítà fún epo, tọ́ọ̀nù fún kajú, iye ènìyàn fún ilé ijó. Ìtanràn kan náà fún ìyá tí ó ń ta agolo gáàsì mẹ́ta àti fún ilé-iṣẹ́ tí ó ní táǹkì mẹ́ta, ìyẹn ni yóò di owó ọjà fún ọ̀kan, tí yóò sì di ikú fún èkejì.

Ọ̀rọ̀ kejì wá láti ẹnu àwọn àgbà wa, ó sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ lójú tiwa. Wọ́n ní ìtanràn ni Òyìnbó fi jẹ gàba lé wa lórí. Òótọ́ ni. Lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní indigénat, aláṣẹ Faransé ní Dahomey lè bu owó ìtanràn lé ọmọ ìbílẹ̀, tàbí kí ó sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, láìjẹ́ pé ó gbé e dé iwájú adájọ́. Títí di ọdún 1946 ni èyí fi wà. Ẹni tí ó ṣàgbákò nínú títún ọ̀nà ṣe, ẹni tí kò kí aláṣẹ bí ó ti yẹ, ìtanràn. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń korò lẹ́nu àwọn tí bàbá wọn san án.

Ṣùgbọ́n kí ni ó burú nínú rẹ̀ gan-an? Ohun tí ó burú ni pé ẹni kan náà ni ó fẹ̀sùn kanni, tí ó dájọ́, tí ó sì gbowó. Pé kò sí ibi tí a lè pe ẹjọ́ rẹ̀ sí. Pé owó náà kò sì padà wá ṣe ohunkóhun fún ìlú. Ìtìpa òde òní, tí aláṣẹ kan ń fi ìwé kan ṣoṣo ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ ajé, fi ara jọ indigénat ju ìtanràn tí a ń sọ yìí lọ. Kí ó tó di pé adájọ́ yóò gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí a ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, gbèsè ti jẹ ẹ́ run. Ẹni tí a bu ìtanràn lé lè máa ta ọjà rẹ̀ lọ nígbà tí ó ń pe ẹjọ́, bí ó bá sì jàre, a ó dá owó rẹ̀ padà. Oṣù méjì tí ilẹ̀kùn fi wà ní títì, ta ni yóò dá a padà fún un? Ní ti àṣà tiwa, ìtanràn kì í ṣe àjèjì níwájú baálẹ̀. Ẹni tí iná rẹ̀ bá ré kọjá ààlà tí ó sì jó oko ẹlòmíràn, wọn a pè é, wọn a bu nǹkan lé e, yóò tọrọ àforíjì, yóò sì padà sí oko rẹ̀. Wọn kì í gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí kò bá roko, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò di ẹrù fún gbogbo àdúgbò.

Òfin orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ mọ èyí níbi iná ìgbẹ́. Òfin igbó, nọ́ńbà 93-009 ti ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1993, fi ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n sí iwájú ẹni tí ó bá fi iná jẹ igbó run. Kò sọ pé kí a gba oko lọ́wọ́ àgbẹ̀. Àwa tí a ń gbé ní etí igbó Agoua mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti kọ́ láti ro ààlà fífẹ̀ yí oko kajú wọn ká kí iná má lè ré e kọjá, kì í sì í ṣe nítorí pé wọ́n ti ẹnikẹ́ni pa.

A sọ níbẹ̀rẹ̀ pé àwọn ewu kan wà tí kò lè dúró di ọ̀la, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé a fi ọ̀rọ̀ yẹn bo ojú. Ní òru ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1970, ilé ijó kan tí wọ́n ń pè ní Cinq-Sept jó ní Saint-Laurent-du-Pont, ní ilẹ̀ Faransé. Ènìyàn 146 ni ó kú, èwe ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn àjálù pa kí àwọn tí kò sanwó má bàa gba ibẹ̀ wọlé. Ilẹ̀kùn tí a fi kọ́kọ́rọ́ dè nígbà tí ènìyàn kún inú ilé, ìtanràn kọ́ ni ó tọ́ sí i. Kí a kó ènìyàn jáde ní wákàtí náà, kí a má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé títí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí. Bákan náà ni ilé epo tí táǹkì rẹ̀ ń jò. Ní Accra, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn ènìyàn sá fún òjò sínú ilé epo kan ní Kwame Nkrumah Circle. Àgbàrá gbé epo káàkiri, iná mú un, ó sì lé ní ènìyàn 150 tí omi àti iná náà pa. Ilé epo gidi ni, kì í ṣe tábìlì. A kò gbàgbé ìyẹn.

Nítorí náà, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, nígbà tí gbogbo ọmọ Savalou bá ti Cotonou, ti Porto-Novo àti ti òkè òkun dé fún ọdún iṣu, tí àwọn ilé ọtí kún débi pé ènìyàn ń jó lórí ẹsẹ̀ ara wọn, a fẹ́ kí aláṣẹ rìn láti ilé kan sí èkejì ní alẹ́, kí ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wò. Èyí tí kò bá ṣí, kí ó ti ilé náà. Kí ó má bẹ̀bẹ̀. Ní òwúrọ̀, nígbà tí wọ́n bá ti yọ irin kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí ó jẹ́ kí wọ́n ṣí i padà, kí ó sì bu ìtanràn tí ó nípọn lé wọn. Ìtìpa tí ó wà títí ewu fi kúrò ni a gbà. Ìtìpa tí ó ń bá a lọ lẹ́yìn tí ewu ti kúrò, kí a lè fi dá ènìyàn lóró, ni a kọ̀.

Owó náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni a ti fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tẹnu mọ́ ọn jù lọ níwájú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì. Ìtanràn tí ó bá wọ inú àpò ńlá tí ó sì pòórá níbẹ̀ kò ní sàn ju owó orí lọ lójú ará ìlú. Kí wọ́n ya ìwé ìṣirò rẹ̀ sọ́tọ̀. Kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ apaná fún àwọn ọjà, kí wọ́n fi gbẹ́ àgbá omi ńlá sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Bantè, ọjà Pira àti ọjà Tchetti, kí wọ́n fi sanwó fún ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń pa iná epo, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ṣì ń da omi sí i. Ẹni tí ó mọ bí ọ̀nà ti rí láti títì dé Atokoligbé ní ìgbà òjò mọ̀ pé kí ọkọ̀ panápaná tó dé, ohun tí ó wà nílé ni a ó fi jà.

Àwọn olóko kpayo pàápàá, a kò fẹ́ kí a kàn máa lé wọn káàkiri. Kí a bu ìtanràn kékeré lé ẹni tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, kí a sì sọ fún un ní ọjọ́ kan náà ibi tí yóò lọ gba ìwé, iye tí yóò ná an, àti bí ibi tí yóò máa tà sí ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ìgbà tí ó bá ní ìwé ni yóò tó ní ohun tí ó ń bẹ̀rù kí ó má sọnù.

Ní oṣù kọkànlá ni ọyẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́. A fẹ́ kí Mairie Bantè àti ti Savalou ti lẹ ìwé iye ìtanràn mọ́ ara ògiri kí ó tó di ìgbà náà, ní èdè Faransé, ní Yorùbá ti àwa Isha àti Ifẹ̀ lè kà, àti ní Mahi, kí iye tí a ó san fún wáyà tí ó tú àti fún ilẹ̀kùn tí a tì pa wà níbi tí àgbẹ̀ tí ó ń gbé kajú bọ̀ lè rí i.